Owó wúrà 1715 tó ní orí ọba lára: ṣé kí n rà á?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Houston ni mo ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni owó àtijọ́ ti wọ̀ mí lójú, pàápàá owó wúrà tí àwọn ará Sípéènì rọ ní Mẹ́síkò àti Perú nígbà tí ìlú wọ̀nyẹn wà lábẹ́ wọn. Bàbá kan tó ń ta àlòkù lọ́jọ́ Sátidé fi ọ̀kan hàn mí. Ó tóbi, ó yípo rẹ́gí, ọba kan tó dé wíìgì gígùn wà lára rẹ̀, 1715 sì hàn kedere nísàlẹ̀. Ó ní inú ọkọ̀ tó rì ní Florida ni wọ́n ti kó o jáde. Sátífíkéètì wà níbẹ̀ tó ní ribọ́nù pupa. $3,800 ló pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orí mi ti dàrú, pé bí wúrà bá ń wù mí, kí n lọ ra wúrà pẹlẹbẹ tuntun ní ilé ìtajà, owó òkú ọba kò lè bá mi san owó ilé. Mo gbọ́. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sọ́wọ́, ńṣe ni ara mi ń gbọ̀n. Bàbá náà ní di Sátidé tó ń bọ̀ lòun lè bá mi dì í mú. Ṣé kí n rà á?

* * *

Má rà á. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀. Ọba tó dé wíìgì yẹn ti ka ẹjọ́ tán.

Ní 1715, kò sí ibì kankan ní Mẹ́síkò, Lima tàbí Bogotá tí wọ́n ti ń rọ owó wúrà tó ní orí ọba lára. Àgbélébùú ni wọ́n ń tẹ̀ sójú kan, àmì oyè ọba lójú kejì. Ti Lima yàtọ̀ díẹ̀: òpó méjì ló dúró lórí ìgbì òkun níbẹ̀, lẹ́tà P, V àti A sì wà láàárín, èyí tí wọ́n gé kúrò lára PLVS VLTRA, àkọmọ̀nà ọba Sípéènì lédè Látìn. Ọdún 1732 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ tẹ owó ní Mẹ́síkò, ìgbà yẹn ni orí Philip V, ọba Sípéènì, tó jáde lórí wúrà ọ̀hún. Wíìgì rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn èèyàn sọ owó náà ní pelucona, ìyẹn oníwíìgì ńlá. Ẹni tó ṣe èyí tí wọ́n fi hàn ẹ́ mú orí ti ọdún 1732 sókè, ó lẹ ọdún 1715 mọ́ ọn, nítorí 1715 ló ń pa owó.

Yíyípo rẹ̀ náà ń jẹ́rìí sí i. Kí ẹ̀rọ tó dé, wọ́n á gé wúrà lára ọ̀pá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, bó bá wúwo jù wọ́n á fi àlùmọ́gàjí rẹ́ ẹ létí, wọ́n á gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọ́n á wá fi òòlù lù ú. Kò sẹ́ni tó bìkítà bó bá rí jágajàga, ìwọ̀n ni ọba ń wò. Macuquina ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, cob ni lẹ́nu àwọn olóyìnbó. Òǹtẹ̀ máa ń fẹ̀ ju wúrà lọ, nítorí náà ọdún á ti bọ́ sí ìta lọ́pọ̀ ìgbà. Wàá rí 71 lára àwọn kan, tàbí ìdí 15 nìkan. Ẹni tó bá ní èyí tí 1715 hàn ketekete lára rẹ̀ mọ ohun tó ní, kì í gbé e lọ sí ọjà àlòkù.

Òótọ́ ni pé wọ́n rọ díẹ̀ tó yípo dáadáa nígbà yẹn, royal ni wọ́n ń pè é. Àgbélébùú náà ló wà lára tiẹ̀, kò sí orí èèyàn. Bí ọ̀kan bá dé gbàǹjo, iye tí wọ́n fi ń ra ilé ni wọ́n fi ń rà á.

Wo iye tó pè é pẹ̀lú. Escudo ni orúkọ owó wúrà Sípéènì, 8 escudos sì ni ńlá rẹ̀. Wúrà inú 8 escudos nìkan lè sún mọ́ $3,200 bí wúrà bá wà ní $4,000 fún ounce kan (màá ṣe ìṣirò rẹ̀ nísàlẹ̀). Ṣé ẹnì kan á wá fi $600 péré lé e lórí fún owó tó ti inú ọkọ̀ 1715 jáde, ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wá?

* * *

Mo rí i pé àwọn kan ti dáhùn ṣáájú mi. Méjì ní kó dúnàádúrà dé $3,000. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kó fi $3,000 rà gan-an? Ọ̀gá kan ní níwọ̀n ìgbà tí sátífíkéètì bá wà, ọkàn èèyàn lè balẹ̀. Ọ̀gá, mo ti wà níbi tí ẹ wà.

Florida ni mo ń gbé, wákàtí méjì sí etíkun tí wọ́n ń pè ní Treasure Coast. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Sípéènì 11 rì lóru mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Keje 1715. Ọjọ́ méje ṣáájú ni wọ́n kúrò ní Havana. Ìjì gbá wọn lu àpáta, ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú. Ọkọ̀ Faransé kan tó bá wọn rìn, Griffon, nìkan ló yè é. Láti ìgbà tí Kip Wagner ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, gbogbo ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yẹn ní ìtàn kan lẹ́nu. Bí o bá wọ ilé oúnjẹ, agbóúnjẹ á sọ fún ẹ pé bàbá ọkọ òun rí ọ̀kan lẹ́yìn ìjì.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló mú mi. Mo ra 2 escudos kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní $1,400. NR ló wà lára rẹ̀, àmì Bogotá nìyẹn. Sátífíkéètì rẹ̀ ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ó ní orúkọ ọkọ̀, ó ní ìbú òkun tí wọ́n ti rí i, bí ẹni pé adájọ́ ló kọ ọ́. Ohun kan ni kò ní: fọ́tò owó náà. Ìwé yẹn lè jẹ́ ti owó èyíkéyìí láyé yìí. Owó náà nípọn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo rí i, mo ní àbí bí macuquina ṣe máa ń rí nìyẹn. Yánrìn òkun tó lẹ̀ mọ́ ọn létí ló tiẹ̀ mú inú mi dùn jù. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó gbé e lé sikéèlì pẹ̀lú omi. 6.75 gíráàmù ló wọ̀n, ó pé. Omi tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.60. Pín in: 11 àti díẹ̀, owó wúrà ì bá kọjá 17. Òjé! Mo fi abẹ́rẹ́ ha etí rẹ̀ níbi tí yánrìn wà, dúdú jáde. Yánrìn náà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Oníṣòwò náà ní òun náà rà á ni. Owó mi kò padà.

Mi ò ní kí ẹ má gba ìwé. Ìwé tó dára wà. Àwọn tó ti ọwọ́ Mel Fisher jáde, ẹni tó rí ọkọ̀ Atocha ní 1985 lẹ́yìn tó ti wà nísàlẹ̀ òkun láti 1622, ní fọ́tò owó náà gan-an àti nọ́ńbà rẹ̀. (Fàdákà ló pọ̀ jù nínú owó Atocha. Bí ẹnì kan bá ní òun ní wúrà Atocha rẹpẹtẹ, ẹ rọra rìn.) Ìwé sì tún wúlò nítorí olè. Ní 2024, ìjọba Florida gba ẹyọ wúrà 37 padà nínú 50 tí wọ́n jí nínú èyí tí wọ́n kó jáde láti inú ọkọ̀ 1715 ní 2015. Ilé ẹjọ́ ló fún ilé iṣẹ́ kan láṣẹ láti wá nǹkan níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì lè mú tó 20% sílẹ̀ fún ilé àkójọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé owó pamọ́ kúrò nínú ìyẹn, olè ni, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ á bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé owó ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ìtàn. Bí owó bá jẹ́ ayédèrú, ìwé tó dára jù láyé kò lè sọ ọ́ di wúrà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ wá kù. Kò sọ̀sọkúsọ o. Jẹ́ ká ṣírò.

8 escudos wọ̀n 27 gíráàmù àti díẹ̀. Kí ó tó di 1772, ìdá 917 nínú 1,000 rẹ̀ ni wúrà, ìyẹn nǹkan bí 24.8 gíráàmù wúrà gidi. Ní 1772, Carlos III, ọba Sípéènì nígbà yẹn, yí àwòrán owó padà, orí tuntun, ó rẹwà. Lábẹ́ orí tuntun yẹn ló ti yọ wúrà kù sí 901 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní 1786 ó tún yọ ọ́ kù sí 875, ní bòókẹ́lẹ́ náà. Ìwọ̀n kò yí, ojú kò yí, wúrà ló dín. Nítorí náà èyí tí wọ́n rọ lẹ́yìn 1786 ní nǹkan bí 23.7 gíráàmù wúrà. Bí wúrà bá jẹ́ $4,000 fún ounce kan, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí $3,190, ti ìkẹyìn $3,045. Iye tí alágbẹ̀dẹ wúrà máa fojú wò nìyẹn, kò ka ọba sí.

Ẹni tó bá ń kó owó pamọ́ de ọjọ́ ogbó, kó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n gbọ́, kó ra wúrà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rò pé owó àtijọ́ gbọ́dọ̀ wọ́n gógó ju wúrà inú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni mi ò ti bá a lọ. 8 escudos ti Carlos IV, láti bíi 1790 sí 1808, wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Èyí tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tí irun ọba ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́, kì í jìnnà sí iye wúrà inú rẹ̀. O gba wúrà, o gba ìtàn lé e.

Àwọn tó ní ti inú òkun nìkan ló ní iyì, mi ò gbà fún wọn rárá. Omi òkun máa ń jẹ fàdákà, ó máa ń dúdú, ó máa ń fúyẹ́. Wúrà, kò sí nǹkan tí òkun ṣe sí i. 300 ọdún nínú yánrìn, yóò jáde bí ọjọ́ tí wọ́n lù ú. Ìyẹn ni pé bí mo bá tẹ́ 8 escudos Mẹ́síkò méjì kalẹ̀, ọ̀kan láti inú ọkọ̀, ọ̀kan láti inú ìkòkò ìyá àgbà kan ní Madrid, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlọ́po iye tí wọ́n ń bù lé ti ọkọ̀, ìtàn ni wọ́n ń tà. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀, kó rà á. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọlà ẹni. Kì í ṣe owó àkọ́kọ́ àbúrò wa yìí.

Bí 8 bá wọ́n, 1 escudo wà. 3.38 gíráàmù, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ńlá lọ, nítorí àwọn oníjìbìtì kì í sábà dà á láàmú.

* * *

Ẹnì kan bèèrè bí wọ́n ṣe ń fi omi wọ̀n ọ́n. Kò la ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ilé ìdáná tó.

Ra sikéèlì kékeré tó ń ka 0.01 gíráàmù, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Wọn owó náà lásán, kọ ọ́ sílẹ̀. Gbé ife omi lé sikéèlì, kán ọṣẹ abọ́ kan péré sínú rẹ̀ kí ìfófòó afẹ́fẹ́ má lẹ̀ mọ́ owó, tẹ sikéèlì padà sí òdo. Fi okùn tín-ín-rín so owó, rọra rì í sínú omi títí yóò fi bò ó, kó má kan ìsàlẹ̀, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Má gbọ̀n. Nọ́ńbà tó bá jáde ni kí o fi pín èyí tí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Owó wúrà ti ìgbà 917 á mú 17.6 sí 18 wá. Ti lẹ́yìn 1786 á wà láàárín 16.9 sí 17.5. Idẹ tí wọ́n kùn ní wúrà kò ní kọjá 8 àti díẹ̀. Òjé, ẹ ti gbọ́ tiẹ̀. Ìṣòro ni tungsten, ó wúwo bíi wúrà gidi, nǹkan bí 19.2, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: owó escudo kò gbọdọ̀ dé 19. Ayédèrú tó wúwo jù náà ayédèrú ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ayédèrú ni ti platinum. Nínú odò Chocó, ní Kòlóńbíà òde òní, platinum àti wúrà jọ ń jáde nínú yánrìn kan náà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe nígbà yẹn, àwọn ará Sípéènì kà á sí ìyọnu, wọ́n á ṣà á kúrò lára wúrà, wọ́n á dà á sódò kí àwọn oníjìbìtì má baà rí i lò. Wọ́n rí i lò náà. Wọ́n fi rọ 8 escudos, wọ́n da wúrà bò ó, ó sì kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí ó wúwo. Lónìí, àwọn kan ń wá ayédèrú platinum ìgbà náà bí ẹni ń wá ojúlówó. Ayé nìyí.

Ẹ má sì fi eyín ge owó. Mo mọ̀ pé sinimá ló kọ́ wa.

* * *

Màmá kan kọ̀wé láti Peckham pé owó ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, pé ọmọ Yorùbá kò yẹ kó fọwọ́ kàn án, ká tó wá sọ pé yóò tò ó sínú àpótí. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nísàlẹ̀. Kò yẹ ká fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni Màmá sọ.

Wúrà tó wọ Popayán, ìlú kan ní Kòlóńbíà òde òní tí wọ́n ti ń rọ owó, lọ di owó ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, inú odò Chocó àti Barbacoas ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde, ọwọ́ àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà ló sì wà á. Wọ́n á dúró nínú omi dé orúnkún, wọ́n á máa gbọn yánrìn nínú àwo igi. Lára wọn ni wọ́n ń pè ní Lucumí, orúkọ kan náà tí wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn wa ní Kúbà. Ó ti di orúkọ ìdílé ní apá Cali àti Cauca. Jhon Lucumí tó ń dí ẹ̀yìn fún Kòlóńbíà nínú bọ́ọ̀lù, ibo lẹ rò pé orúkọ yẹn ti wá? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo kígbe, ìyàwó mi rò pé wọ́n ti gbá góòlù.

Ibi tí èmi àti Màmá ti pínyà ni pé ìdí yẹn gan-an ni mo fi ń rà á. Mo ní owó Popayán kan. Bí mo bá gbé e sọ́wọ́, kì í ṣe ọba ni mò ń rò. Màmá lè má gbà, mi ò ní bá wọn jiyàn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjà ta ló ni ín. Ọkọ̀ San José, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rì nítòsí Cartagena ti Kòlóńbíà ní oṣù Kẹfà 1708, wọ́n rí i ní 2015. Kòlóńbíà ní tòun ni, Sípéènì ní ọkọ̀ ogun òun ni, àwọn ẹ̀yà Qhara Qhara ní Bòlífíà ní àwọn baba àwọn ló wa fàdákà rẹ̀ ní Potosí. Àwọn onímọ̀ ti wo fọ́tò macuquina tó wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, wọ́n ka Lima àti 1707 lára rẹ̀. Ti Mercedes, ọkọ̀ Sípéènì mìíràn, burú jù fún àwọn oníṣòwò. Ìyẹn rì ní 1804, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Odyssey, kó owó tó lé ní 500,000 jáde láti inú rẹ̀ ní 2007, fàdákà ló pọ̀ jù. Ilé ẹjọ́ ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú kó o lọ sí Sípéènì ní 2012. Nítorí náà bí ẹnì kan bá ní òun ní owó láti inú ẹrù tí Odyssey kó, yálà ó ń purọ́ tàbí ó jalè. Ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

* * *

Ẹnì kan bèèrè bóyá kí wọ́n fọ owó náà. Rárá, ẹ má fọ̀ ọ́. Rárá sí ọtí kíkan, rárá sí búrọ́ọ̀ṣì eyín, rárá sí ìpara tí wọ́n fi ń nu bàtà. Owó tí wọ́n bá ti ha lójú, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á máa tàn lára rẹ̀ nínú iná, oníṣòwò á rí i láti ìta ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ owó ló la ìjì 1715 já tí aṣọ ìnuwọ́ wá pa ní ilé ẹni tó rà á.

Ẹni tó bèèrè NGC àti PCGS, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò bóyá ojúlówó ni: bẹ́ẹ̀ ni, ó dára kí wọ́n bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi sínú ike, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Tẹ nọ́ńbà náà sórí ojúewé wọn, kí o fi fọ́tò wọn wé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ. Àwọn oníjìbìtì ti ń ṣe ike náà.

* * *

Àbúrò wa láti Houston ti padà. Ó ní òun padà lọ bá bàbá oníwíìgì yẹn, òun ní kí wọ́n jọ gbé e sínú omi, bàbá ní omi máa ń ba wúrà jẹ́. (Wúrà tó ní ó lo 300 ọdún nínú òkun!) Ó wá rí òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù gidi kan. Ó fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́: 8 escudos, 1798. CAROL IIII lójú kan. Lójú kejì, IN UTROQ FELIX AUSPICE DEO, P àti JF, 8 lápá òsì àmì oyè, S lápá ọ̀tún. $3,450. Ó wọ̀n ọ́n níbẹ̀, olùtajà kò bínú: 26.98. Nínú omi: 1.57.

Àbúrò, o ti di àgbà. 26.98 pín sí 1.57, 17.18 nìyẹn. Ó wà níbi tó yẹ kí wúrà 875 wà. P ni Popayán, JF ni àmì àwọn tó ń yẹ wúrà wò níbẹ̀ nígbà yẹn. Orí náà bá orúkọ mu, èyí tí kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀ ní Popayán: nígbà tí Ferdinand VII jọba, orí Carlos IV náà ni wọ́n ń tẹ̀ sórí owó rẹ̀ lọ ní tiwọn. Bí o bá rí ìyẹn lọ́jọ́ kan, má pè é ní ayédèrú.

Ṣùgbọ́n wo fọ́tò kẹta. Sún un súnmọ́ ojú, lórí etí, lókè orí ọba gan-an. Ọnà etí náà ń lọ yíká dáadáa, ó wá dé ibì kan tó ṣú, ó rí bọ̀rọ̀, bí ibi tí ẹnì kan fi ìka epo kàn. Wọ́n ti jó òrùka mọ́ ọn rí. Ìyá kan ti so ó mọ́ ọrùn, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n yọ òrùka kúrò, tí wọ́n fi fáìlì dán ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ 8 escudos ló ti jẹ́ ẹ̀gbà ọrùn, kò sọ ọ́ di ohun ìríra. Àmọ́ $3,450 kọ́. Sọ fún olùtajà pé o rí ibi òrùka náà, kí o dákẹ́. Òun náà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mú $3,200 lọ́wọ́, má kọjá $3,300.

* * *

Ó ní: "Ó gbà á ní $3,250! Ó ti délé. Ìyàwó mi ń bèèrè ẹni tó ní imú gígùn báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní mo ń ṣòfò ti gbé e dání láti ìrọ̀lẹ́, kò tíì dá a padà."

Carlos IV ló ni imú. Gba owó ẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ. Bí kò bá fẹ́ fi í sílẹ̀, sọ fún un pé etí ni wọ́n fi ń di í mú, kó mú àtàǹpàkò kúrò lójú ọba.